Ilé Ọ̀nì Tí Mo Yà Sórí Ìwé

Tí o bá dé etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, òórùn ẹja ni gbogbo èèyàn máa sọ fún ọ pé o máa gbọ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí o bá yà sọ́wọ́ òsì, tí o kọjá ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́, tí o rìn títí dé abẹ́ igi máńgòrò kan, òórùn mìíràn á gbapò rẹ̀: òórùn koríko tútù tí oòrùn ń pa, tó fara jọ òórùn ìkòkò amọ̀ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí. Koríko gígùn inú àbàtà ni. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń gé e, wọ́n ń sá a, wọ́n sì ń fi í hun ẹní. Ìlú yẹn ni mo ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi, pé ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan parí kí n má gba abẹ́ igi náà kọjá. N kì í débẹ̀ mọ́ báyìí. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀léra, torí ẹ̀bi tí a kò bá tò dáadáa rọrùn láti pín fún ẹlòmíràn.

Èmi kì í ṣe ọmọ etí omi. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti bí mi, Agric ní Ìkòròdú ni mo sì háyà ilé sí láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ni mo máa ń wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní Garéèjì Ìkòròdú kí oòrùn tó yọ. Bí iléèwé bá parí lọ́sàn-án, n kì í yára padà sílé tí kò sí ẹnì kankan. Mo máa ń lọ jókòó ti àwọn ahunní lábẹ́ máńgòrò, wọ́n á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ wo Tíṣà," ọ̀kan nínú wọn á sọ, "kò lè wẹ̀, kò lè tukọ̀, ó ṣáà fẹ́ràn omi bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ."

"Ẹ fi í sílẹ̀," olórí wọn á dáhùn láìgbójú sókè kúrò lórí ẹní ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ mélòó ló ń bá wa ka lẹ́tà?"

Ìyá Ẹlẹ́ní ni gbogbo ìlú ń pe olórí wọn yìí. Arúgbó tín-ín-rín ni, ìborùn funfun kì í kúrò lórí rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì sì ti fẹ̀ bí ẹnu ṣíbí nítorí koríko tó ti ń fi wọ́n tẹ̀ láti kékeré. Bí inú rẹ̀ bá dùn, èdè Ìjẹ̀bú etí omi ló máa ń yára sọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin á sì máa túmọ̀ fún mi, á máa fi tirẹ̀ kún un. Ọmọ yìí náà ti di ìyá ọmọ mẹ́rin nígbà tí mo mọ̀ wọ́n, iṣẹ́ ẹní náà ló sì ń ṣe.

Ọdún kejì tí mo ti ń bá wọn jókòó ni mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á dẹ́kun gígé koríko láti ibi tó dára jù lọ. Wọ́n á tukọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n á gé èyí tó kúrú wá, wọ́n á sì máa ráhùn pé ó ń já mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo bèèrè ìdí rẹ̀. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ní rẹ́rìn-ín, ó ní, "Onílé wà nílé."

Ó tó ọdún kan kí n tó mọ̀ pé ọ̀nì ni wọ́n ń pè ní onílé. Kì í ṣe ọ̀nì ńlá tó ń gbé èèyàn o. Èyí kúrú, ó dúdú, ó sì ń tijú bí ìyàwó tuntun. Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ni abo rẹ̀ máa ń kó ewé jíjẹrà jọ di òkìtì láàárín koríko, á yé ẹyin sínú rẹ̀, á sì dúró tì í títí àwọn ọmọ á fi jáde. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni nínú àwọn ahunní kò gbọ́dọ̀ gé koríko kọ̀rọ̀ omi tó yé sí. Àwọn kan máa ń pe irú nǹkan báyìí ní èèwọ̀. Jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀: èèwọ̀ ni ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe, a ò ṣe é, ó parí. Tiwọn jẹ́ iṣẹ́. Bí wọ́n bá ń gé koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fi ọ̀wọ́ tó wà níwájú sílẹ̀ láìgé, kí ẹni tó bá ń kọjá lórí ọ̀sà má lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá wọlé, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà, ẹni tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ á sì máa fi àjẹ̀ gbé koríko tí ọkọ̀ tẹ̀ lórí ba dìde, kí ipa ọ̀nà má bàa hàn. Wọn kì í fi màrìwò síbẹ̀. Mo bi Ìyá Ẹlẹ́ní léèrè ìdí tí kò fi sí màrìwò, mo rò pé ó bójú mu kí ibi tí a ń ṣọ́ ní àmì.

Ó wò mí tàánútàánú. "Tíṣà, màrìwò máa ń sọ fún olè pé nǹkan ń bẹ níbí."

Wọn kì í sì í dárúkọ ibẹ̀. Bí àjèjì bá bèèrè ibi tí ọ̀nì ń gbé, wọ́n á na ẹnu sí ìhà kejì ọ̀sà. Èrè wọn níbẹ̀ kò pamọ́ fún wọn. Níbi tí onílé bá wà, àwọn tó ń da kẹ́míkà sómi láti pa ẹja kì í láyà láti wọlé, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ á sì dàgbà síbẹ̀ kí wọ́n tó tú jáde sí ọ̀sà, níbi tí àwọn ọkọ àti ọmọ wọn ti ń dẹ àwọ̀n. Ìyá Ẹlẹ́ní bá ìyá tirẹ̀ nínú iṣẹ́ ìṣọ́ yìí, ìyá náà sì bá tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni ọmọ iléèwé mi kan àtijọ́ pè mí. Ó ti di òṣìṣẹ́ ní àjọ kan tó ń dáàbò bo ẹranko igbó. Ó ní àwọn fẹ́ máa fi ọ̀wọ̀ hàn fún àwọn onílẹ̀ tó ti ń tọ́jú ẹranko láti ayé àwọn baba wọn, torí pé àwọn olóyìnbó onímọ̀ ti ń gba gbogbo ìyìn náà lọ. "Mà," ó ní, "ṣé ẹ ò mọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́?"

Inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó. O rántí ìwé tí gbogbo wa fi ń kọ́ ọmọ, èyí tó sọ pé àwọn ará abúlé ló ń pa ẹranko igbó run. Mo kọ ọ́ sójú pátákó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, mo fún un ní máàkì. Mo rò pé Ọlọ́run fún mi láǹfààní láti tún un kọ. Mo tẹ fọ́ọ̀mù tí ó fi ránṣẹ́ sí mi jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Agric, mo sì gbé e lọ sí abẹ́ máńgòrò.

A dáhùn gbogbo rẹ̀ títí a fi dé ibi tí wọ́n ti bèèrè pé níbo gan-an.

"Kọ ọ́ pé ẹ̀yìn omi ni," Ìyá Ẹlẹ́ní wí.

"Ìyá, ẹ̀yìn omi pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ìdáhùn yín kò kún."

"Kọ ọ́ pé ìhà Èkó, kó máa lọ."

"Ìyá, ìhà Èkó kọ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Tíṣà fẹ́ fún Ìyá wa ní òdo!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbé báírò mi sílẹ̀. Mo ṣàlàyé pé bí ìdáhùn kò bá kún, wọ́n á fún àwọn ẹlòmíràn ní ọ̀wọ̀ náà, àwọn tí iṣẹ́ wọn kò tó tiwọn.

Ìyá Ẹlẹ́ní yọ koríko kan nínú ìdì, ó ń ká a mọ́ ìka. "Ta ló máa kà á?"

"Àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko ni, Ìyá. Àwọn nìkan."

Òtítọ́ ni mo rò pé mò ń sọ. Ó fẹ́ràn mi, ìyẹn ni n kò ronú sí nígbà náà. Kì í ṣe àjọ yẹn ló fọkàn tán.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi wọ inú ọkọ̀. Òjò ti dá díẹ̀, omi dúdú, ó sì dákẹ́. Nígbà tí a gba ẹ̀yìn wọ inú koríko, ooru ibẹ̀ bò mí bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Ìyá Ẹlẹ́ní, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tó di ọwọ́ mi mú, tó sì fi òkìtì ewé náà hàn mí láti ọ̀nà tó tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń jáde lórí rẹ̀. Lójú omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ojú méjì yọ bí kóró ìṣin, wọn kò ṣẹ́.

"Má mikàn," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó mọ̀ mí. Ìwọ ló ń wò."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ. Láti inú òkìtì náà, ohùn kan ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dákẹ́, ó tún dún, bí ìgbà tí ọmọ adìyẹ bá wà nínú àpótí. Àwọn ọmọ ń pe ìyá wọn láti inú ẹyin. Mo ti lo gbogbo ọjọ́ ayé mi láàárín ọmọ, n kò sì gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí. Mo sunkún níbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ní fún mi ní etí ìborùn rẹ̀ láti fi nu ojú.

Mo padà sílé, mo sì ya máàpù ibẹ̀ fún àjọ náà pẹ̀lú rúlà àti pẹ́ńsùlù. Mo kọ oṣù tí wọ́n ń yé ẹyin, mo kọ oṣù tí àwọn ọmọ ń jáde, mo fi ọfà tọ́ka sí ọ̀nà ẹ̀yìn, mo sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù náà. Máàpù tó mọ́ ni. Bí ọmọ iléèwé bá ya irú rẹ̀ wá, ǹ bá gbé e kọ́ sára ògiri kíláàsì.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ iléèwé mi fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ahunní ti gba ọ̀wọ̀ náà, pé àjọ yóò sì ri pátákó ńlá kan mọ́lẹ̀ ní etí omi kí gbogbo ayé lè mọ iṣẹ́ wọn. Ó fi àwòrán pátákó náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Máàpù mi ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó tò ó ti ṣe àṣìṣe: ó fi àmì ọ̀nì sí kọ̀rọ̀ omi mìíràn, ibi tí kò sí ohunkóhun bí kò ṣe ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o dúró díẹ̀ pẹ̀lú mi. Bí mo bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, àṣìṣe ẹni ẹlẹ́ni ì bá ti ṣe ohun tí àwọn obìnrin yẹn ti ń fi ẹnu ṣe láti ìran dé ìran. Ṣùgbọ́n ṣé olùkọ́ lè rí àṣìṣe kó dákẹ́? Mo tẹ àwòrán náà jáde, mo mú báírò pupa, mo fagi lé àmì náà, mo sì fà á lọ sí ibi tó yẹ. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra lẹ́yìn èyí. Ọmọ náà pè mí láti dúpẹ́. "Mà, ẹ ò tíì yí padà rárá," ó ní. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi títí mo fi sùn.

Gbọ̀ngàn kan ní Ìkòròdú ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ náà. Àwọn ahunní wá nínú aṣọ ọdún Iléyá wọn, wọ́n jókòó sí iwájú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan ara wọn bí ọmọ iléèwé. Wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gíláàsì bò. Lẹ́yìn náà, wọ́n tan iná kan sára ògiri, máàpù mi sì yọ síbẹ̀, ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà lọ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ gbé fóònù wọn sókè, wọ́n ń yà á.

Ìyá Ẹlẹ́ní kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ omi rẹ̀. Mo rí i tó fi ojú tẹ̀ lé etí ọ̀sà lára ògiri náà, díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi dé ibi àmì náà. Ó yíjú sí mi. Kò bínú. Ó kàn wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó ti fi iná sí orí òrùlé láìmọ̀, tí kò sì tíì rí èéfín. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ fún un láti sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí onílé jókòó sílé rẹ̀." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé àdúrà ni.

Mo sin wọ́n padà sí Ẹ̀pẹ́, nínú ọkọ̀ náà mo sì gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ó ti rẹ òun.

Wọ́n ri pátákó náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn wá, ó sì lọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ní pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò kí mi. "Ẹ máa bọ̀," ó ní, "kí ẹ wá wo nǹkan."

N kò ní láti gba ẹ̀yìn wọlé lọ́jọ́ náà. Ọ̀wọ́ koríko iwájú ti wó lulẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti la ọ̀nà tààrà gba àárín rẹ̀ láti ojú ọ̀sà. Wọ́n ti tú òkìtì náà palẹ̀. Èèpo ẹyin wà káàkiri, ẹyin díẹ̀ sì fọ́ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú wọn, n kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ. Okùn já sílẹ̀ síbì kan, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára koríko níbi tí wọ́n ti wọ́ nǹkan tó wúwo lọ sínú ọkọ̀. Kò sí ojú kankan lójú omi. Apẹja kan sọ pé òun rí àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan tí òun kò mọ̀ rí, tí wọ́n dúró níwájú pátákó fún ìgbà pípẹ́, tí ọ̀kan nínú wọn ń fi ìka tẹ̀ lé ọfà. Oṣù tí mo kọ síbẹ̀ ni wọ́n wá. Wọn kò tètè dé, wọn kò sì pẹ́.

Kò tíì tó oṣù kan tí àwọn tó ń da kẹ́míkà fi mọ̀ pé onílé ti lọ. Mo débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí kò tó ìka ọmọ ọwọ́, tí wọ́n fi ikùn funfun kọjú sókè, tí wọ́n bo ojú omi láti ìhín dé ọ̀hún bí ìgbà tí ìrẹsì bá dà nù. Àwọn ahunní dúró nínú ọkọ̀ wọn. Ọmọ iléèwé mi wá, ó ya àwòrán, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmọ rere ni, n kò ní jẹ́ kí o rò pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun yóò kọ ìwé, pé àjọ yóò fi kún ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tó wà lórí pátákó. Mo sọ fún un pé kó wú u kúrò. Ó ní ìwé kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ kí wọ́n tó lè wú u. Pátákó náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn.

Ọjọ́ tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ẹlẹ́ní lábẹ́ máńgòrò, níwájú gbogbo wọn. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀ nílé kí n má bàa gbàgbé ìkankan, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn ń sọ pé, "Ìyá, ẹ dárí jì mí, Ìyá, ẹ dárí jì mí." Ó gbé mi dìde. Ó gbọn ìyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún aṣọ mi, bí ẹni pé èmi ni ọmọ tó ṣubú.

"Ìwọ kọ́ lo pa wọ́n," ó ní. "Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n a ò ní lè máa sọ nǹkan létí rẹ mọ́."

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n bi mí nípa ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan nípa ibi tí wọ́n ti gé koríko lọ́jọ́ náà, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ní fẹsẹ̀ kàn án, ó sì dákẹ́. Mo rí i. Wọ́n mọ̀ pé mo rí i. Mo jókòó díẹ̀ sí i nítorí ìwà ọmọlúwàbí, mo sì dìde, mo lọ wọkọ̀.

Mo ti rò ó láti ìgbà náà. Ohun tí mo rò pé mo fẹ́ ni kí ayé mọ iyì àwọn obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n iyì tí mo mọ̀ kò ju èyí tí a lè kọ sílẹ̀, kí a fi máàkì sí i, kí a gbé e kọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Tiwọn wà nínú ohun tí kò hàn. Láti ìran dé ìran, ẹnikẹ́ni kò kí wọn kú iṣẹ́, onílé sì wà nílé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a kí wọn, ilé tú. Àwọn èèyàn máa ń tù mí nínú pé ó lè jẹ́ pé ọ̀nì kan tàbí méjì sá àsálà lọ síbòmíràn nínú àbàtà, pé ó lè jẹ́ pé àwọn ahunní ti mọ ibẹ̀, tí wọ́n sì ti ń bo ojú rẹ̀. N kò gbà á gbọ́ púpọ̀. Ohun tí mo rí lójú omi náà kò jọ ohun tó ń padà. Síbẹ̀, bí ó bá wà, kò sí ohun mìíràn tó kù tí mo lè ṣe fún un ju pé kí n má bèèrè. N kò sì tíì bèèrè.